Àpótí Onípele Méjì fún Tèmi

Spandau, Berlin
Àárọ̀ Sátidé

Àǹtí Títí mi,

Ẹ kú ilé tuntun o. Kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹni kékeré. Èmi Ọládàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni ọ̀gá pátápátá nípa àpótí tí ọmọdé ń gùn ní gbogbo ilẹ̀ Jámánì, láti Spandau títí dé etí òkun. Èmi ni mo fi ọwọ́ òsì nìkan gbá ọmọ yín mú lófuurufú lọ́jọ́ tí àpótí fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, tí ìpè tí mò ń pè kò sì já. Ẹ mọ ìtàn náà. Mọ́mì fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì ní kí gbogbo ìjọ dìde dúró, ìyá àgbà kan sì fún mi ní odidi páálí ṣokoléètì. Ẹni tí irú èyí bá ti ọwọ́ rẹ̀ wáyé lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ènìyàn nímọ̀ràn.

Ẹ̀yin náà lẹ sì fà á. Nígbà tí ẹ pè mí láti Steilshoop, ní Hamburg, ní Ọjọ́bọ̀, ẹ ò tilẹ̀ dáhùn kíkí mi. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Dàpọ̀, kí lo ṣe fún ọmọ mi?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú èwo nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi ló wá hàn síta.

Ẹ wá ṣàlàyé pé láti ọjọ́ tí ẹ ti kó dé ọ̀dọ̀ ọkọ yín, Tèmi kò tíì fọwọ́ láìjà. Bùọ̀dá Wọlé ra àpótí roboto kan, ó kúrú débi pé èèrà lè fò ó kọjá, wọ́n gbé e síwájú síńkì. Tèmi á wọ bàlùwẹ̀, á rí àpótí, á fìdí lé e, á jókòó jẹ́ẹ́ bí ìyá àgbà tó ń retí dókítà, á wá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí ẹ bá gbé e, á pariwo. Bí bàbá rẹ̀ bá gbé e, ariwo náà á tún pọ̀ sí i. "Bùdá" ló ń pè. Bùdá, èmi nìyẹn, mo sì wà ní Spandau.

Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kó bẹ̀rẹ̀ Kita, ilé ìtọ́jú ọmọdé, pé àwọn tó ń tọ́jú ọmọ níbẹ̀ ti sọ pé gbogbo ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ bíi tirẹ̀ ló ń dá gun àpótí dé ibi omi, kò sí ẹni tí yóò máa gbé e káàkiri. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni iṣẹ́ tuntun yín ní Harburg yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ò bá fara mọ́ Kita, ẹ ò ní lè lọ síbi iṣẹ́. Ohùn yín yí padà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ẹ wá bi mí pé irú àpótí wo ni kò lè fọ́ láéláé, pé onípele méjì, irú èyí tó fọ́ nílé wa, kò ní wọ ilé yín.

Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà?

Dádì kọ ọ́. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi ilé sílẹ̀ lọ kàwé ní Harburg, ojú ewé mẹ́jọ ni wọ́n kọ sí yín, pẹ̀lú nọ́ńbà, gbogbo àṣìṣe ìgbà èwe wọn ló wà níbẹ̀. Mo kéré nígbà náà, èmi ni mo fi itọ́ lẹ àpòòwé. Ní báyìí tí ẹ tún fi ilé sílẹ̀, Dádì ò sí láyé mọ́ láti kọ ìkejì, Mọ́mì sì ní lẹ́yìn iṣẹ́ ilé arúgbó, ọwọ́ àwọn ò lè di bírò mú mọ́. Nítorí náà, èmi ni mo jókòó sórí àga wọn. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀, ẹ má ṣèyọnu. Ẹni tó ti bá ọmọ fọ ẹnu lójoojúmọ́ láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ ti hù, ó ti jẹ́ bàbá díẹ̀.

Ìkíní. Ọmọ yín kì í ṣe alágídí. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń dà á láàmú.

Ẹ rántí àpótí Mọ́mì tó wà ní kíṣìnì, èyí tí wọ́n gbé láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, tí wọ́n fi ń jókòó ṣa ẹ̀wà. Òfin àpótí yẹn le ju òfin ìjọba Jámánì lọ: ibi tí àgbà ń fìdí lé, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kàn án. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo gùn ún kí n lè rí inú ìkòkò ẹran. Mọ́mì ò nà mí. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ àpótí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Mọ́mì ní, "Ṣé ọkùnrin ni?" Mo tún un sọ, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń fi aṣọ bo ẹnu.

Òfin kan náà ni Tèmi dàgbà sí. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e báyìí, Mọ́mì á ní "Ẹsẹ̀!", òun náà á sì jókòó kíá. Bùọ̀dá Wọlé wá lọ ra àbúrò àpótí Mọ́mì ní Hamburg. Kí ni kí ọmọ ṣe? Ó rí ìjókòó àgbà, ó jókòó. Ẹ bá mi gbé àpótí yẹn fún ọkọ yín kí wọ́n máa jókòó lórí ẹ̀ so okùn bàtà. Èyí tí ẹ máa rà fún ọmọ kò gbọ́dọ̀ jọ ìjókòó rárá. Kó ní ìpele méjì, kékeré nísàlẹ̀, ńlá lókè, kí ojú rẹ̀ lè rí ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Ẹ fi ọwọ́ lù ú níwájú rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ti ẹsẹ̀ nìyí. Kí ẹ̀yin náà fi ẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́, kó rí i pé ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ìkejì, gíga rẹ̀. Ẹ má kàn ra èyí tó wù yín lójú. Ẹ mú Tèmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, ẹ wò ó bí ó ṣe kù tó kí etí síńkì tó bá ìdodo rẹ̀ dọ́gba. Ohun tó kù yẹn ni gíga àpótí. Bó bá kúrú jù, ṣe ni omi máa gba inú apá aṣọ dé abíyá. Bó bá ga jù, orí ló máa kọ́kọ́ wọ inú síńkì. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju etí síńkì lọ díẹ̀, kó lè ti ẹ̀rọ omi fúnra rẹ̀.

Ẹ ò ní mọ ìdí tí mo fi mọ èyí, nítorí mo ti purọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àpá tó wà ní àgbọ̀n mi, tí mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé ajá ọlọ́pàá ló gé mi jẹ, bákẹ́ẹ̀tì ni. Mo da ojú bákẹ́ẹ̀tì dé, mo gùn ún pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ láti wo ara mi nínú dígí bóyá irùngbọ̀n ti ń hù. Bákẹ́ẹ̀tì lọ sápá kan, èmi lọ sápá kejì, síńkì sì dúró sáàárín. Nítorí náà: kí ìsàlẹ̀ àpótí fẹ̀ ju òkè lọ. Kí rọ́bà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ojú ibi ìtẹ̀sẹ̀ sì ní nǹkan tí kì í yọ̀. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ kó tó gùn ún. Kí ẹ tó san owó ní ilé ìtajà, ẹ gùn ún fúnra yín, kí ẹ mì síbí, kí ẹ mì sọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ń wò yín, ẹ wò wọ́n padà.

Ìkẹta, ìwúwo. Ike fúyẹ́, ọmọ lè gbé e, ṣùgbọ́n ó máa ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀. Igi dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n òmíràn wúwo bí aṣọ òtútù Mọ́mì. Onígi ni kí ẹ rà, ṣùgbọ́n èyí tó ní ihò lápá kan tí ọwọ́ kékeré lè wọ̀, kó lè máa wọ́ ọ láti bàlùwẹ̀ lọ sí kíṣìnì. Bí kò bá lè wọ́ ọ, ẹ̀yin náà ló tún máa máa pè kí ẹ wá gbé e, ọ̀rọ̀ ò tíì yí padà.

Ibí yìí ni mo ti ń fi ohùn Dádì sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ má fi ṣeré. Àpótí tí ọmọ lè wọ́ dé kíṣìnì, ó lè wọ́ ọ dé ojú fèrèsé. Ẹ̀yin wà ní àjà keje. Fèrèsé gbogbo gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà má sì wà lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn báńkónì gbọ́dọ̀ wà ní títì, bó ti wù kí oòrùn pọ̀ tó. Kò gbọ́dọ̀ dúró lórí àpótí nítòsí iná ìdáná láé. Bó bá fẹ́ bá yín fọ ìrẹsì, ibi síńkì ni kó dúró, kí ẹ̀yin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ẹ pe eléyìí ní ìkarùn-ún.

Nígbà tí mo ṣe Praktikum, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ilé ìwé ní ká lọ fi wo bí iṣẹ́ ṣe ń rí, Kita kan níbí ni mo lọ. Mo sọ fún yín nígbà náà pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Wọn ò fẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tò lọ sí bàlùwẹ̀, oníkálukú wọn sì gun àpótí. Ọmọkùnrin kan ń wá ibi tó máa fi ẹsẹ̀ lé, mo sáré lọ, mo gbé e dé òkè. Inú mi dùn. Màmá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà níbẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bínú. Ó ní, "Fi ọwọ́ méjèèjì sínú àpò sòkòtò rẹ." Mo fi wọ́n sí i. Ó ní, "Ibẹ̀ ni kí wọ́n wà títí a ó fi jẹun ọ̀sán." Mo bi í pé bí ọmọ bá fẹ́ ṣubú ńkọ́. Ó ní kí n sún mọ́ ọn débi tí mo lè fà á yọ, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ kó tó jáde.

Àǹtí mi, kò sí iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin yẹn wá ibi ìtẹ̀sẹ̀, ó ṣì í, ó tún wá a. Àpò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Nígbà tó dé òkè, kò wo ẹnikẹ́ni, omi ló ń wò. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn bá mi délé lọ́jọ́ náà, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní, màá sọ fún yín ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti ra àpótí, ẹ kọ́ ọ ní ìsọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọ ní gígùn. Kó yí ẹ̀yìn padà, kó di etí síńkì mú, kí ẹsẹ̀ kan máa wá ìsàlẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé "rọra o, wàá ṣubú o." Ẹ sọ fún un ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Kí ẹ wá fi ọwọ́ sápò. Bó bá pariwo Bùdá, ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo sọ ara mi di àpótí fún un. Láti ìgbà tó ti lè dúró, èmi ni mò ń gbé e síbi omi láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kó tó sùn. Mo mọ ìwúwo rẹ̀ lóṣooṣù. Kò sí ìdí kankan tó fi máa mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ilé dákẹ́ o. Mi ò fẹ́ kọ èyí, ṣùgbọ́n Dádì náà kọ irú rẹ̀ ní ojú ewé keje, ẹ̀yin lẹ kà á sókè fún mi. Ní báyìí, Mọ́mì máa ń ti lọ síbi iṣẹ́ kí n tó ti ilé ìwé dé. Mo ṣì máa ń sáré láti ibùdókọ̀, títí màá fi dé ẹnu ilẹ̀kùn kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń dúró dè mí. Mo ti se ìrẹsì ẹni mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti sanra. Nínú dígí bàlùwẹ̀, àmì ìka rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀, márùn-ún sọ́tùn-ún, mẹ́rin sósì. Mọ́mì fẹ́ nù ún, mo ní màá nù ún fúnra mi. Mi ò nù ún. Àná ni mo wá kíyè sí i pé àmì náà ga dé àyà mi. Kò sí ọmọ ọdún méjì tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibẹ̀ bí kò ṣe pé ẹnìkan gbé e.

Ó wá ku ohun kan, òun sì ni mo fi ń yí ká láti òkè wá.

Ẹ ní onípele méjì ò ní wọ ilé yín nítorí èyí tó fọ́ nílé wa. Àǹtí mi, kò fọ́.

Ẹ̀yin lẹ rà á, ẹ gbé e sí bàlùwẹ̀ kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ti ilé ìwé dé, èmi àti Tèmi wọlé láti fọwọ́, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo na ọwọ́ bí mo ṣe máa ń nà á. Ó gun ìpele kan, ó gun ìkejì. Ó ṣí omi. Ó wojú mi nínú dígí, ó ní, "Alleine." Òun nìkan. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ti omi pa, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sọ̀kalẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí pálọ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́lì. Lọ́jọ́ kejì, mo sáré dé láti ilé ìwé, ó ti fọwọ́ lọ́dọ̀ Mọ́mì kí n tó dé, ó na ọwọ́ tútù méjèèjì sí mi kí n rí i. Mo kí i kú iṣẹ́. Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, tí Mọ́mì ti lọ síbi iṣẹ́, mo gbé àpótí náà lọ sí Keller, ibi tí a ń kó ẹrù sí nísàlẹ̀ ilé, mo fi í sẹ́yìn àpótí ẹrù Dádì.

Ẹ bi mí ibi tó wà, mo ní ó fọ́, mo ti gbé e jù nù. Ẹ bi mí bóyá ọmọ fara pa, ni mo bá ní mo gbá a mú. Mọ́mì bi mí pé ọwọ́ wo, mo ní òsì. Fóònù ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti fi kún un. Ọjọ́ tí wòlíì ní kí ìjọ dìde, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wo Mọ́mì bí wọ́n ṣe ń sunkún ayọ̀, mi ò lè sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ́ kí ohunkóhun tó ga wọ bàlùwẹ̀, oṣù mẹ́jọ sì kọjá lórí ohun tí ọmọ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti gbàgbé rẹ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Kò sí ìṣó kan tó yẹ̀ lára rẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti wọn gíga rẹ̀, ó bá ohun tí mo kọ sókè mu. Ẹ má ra òmíràn. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa gbé e wá sí Hamburg fúnra mi. Kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín, Mọ́mì á ti gbọ́. Ọ̀la, kí a tó jáde lọ sí ìsìn, ni mo máa kúnlẹ̀ níwájú wọn kí n sọ ọ́ lẹ́nu ara mi, lórí ìkúnlẹ̀ kan náà tí mo fi bẹ àpótí wọn. Ohun tí wọ́n bá ní kí n dìde sọ níwájú ìjọ, màá sọ ọ́.

Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín tí Tèmi bá na ọwọ́ sókè sí mi lẹ́nu ọ̀nà bàlùwẹ̀, màá ti fi ọwọ́ tèmi sápò. Ẹ dúró tì mí. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fẹ́ jáde, ẹ bá mi dì wọ́n mú.

Gbogbo ohun tí mo sọ nípa gíga àti rọ́bà àti fèrèsé, òótọ́ ni, ẹ tẹ̀lé e. Pé mo jẹ́ ọ̀gá ní gbogbo Jámánì, ẹ yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pé mo gbá a mú, irọ́ ni. Kò ṣubú rárá. Èmi ni mo na ọwọ́, kò sì sí ẹni tó bọ́ sí i.

Èmi ni, àbúrò yín,
Dàpọ̀